Murano, Burano, Torcello: ṣé kí n sanwó amọ̀nà, àbí kí èmi àti Màmá dá wọkọ̀ lọ?

ỌmọBalógun

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Màmá mi wá kí wa láti Èkó, a ti bá wọn gba físà Schengen (ẹjọ́ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀), a sì fẹ́ lọ lo ọjọ́ díẹ̀ ní Venice lẹ́yìn Àjíǹde. Màmá ta léèsì ní Balógun títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ pé erékùṣù kan wà ní Ítálì tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àti òwú lásán ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń ṣe léèsì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí i kí àwọn tó padà sílé.

Mo rí ilé-iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kó èèyàn lọ. Ọkọ̀ ojú omi á gbé yín, amọ̀nà á máa ṣàlàyé: Murano tí wọ́n ti ń fẹ́ gíláàsì, Burano tí í ṣe ti léèsì, Torcello tí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wà. Gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí márùn-ún lọ. Owó rẹ̀ kò le jù. Àmọ́ ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ní kí n má dán an wò, ó ní ọjà ni wọ́n ń kó èèyàn lọ rà. Orúnkún Màmá kò gba ìrìn púpọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Pẹ́kámù_ni_mo_wà

Ẹ má wulẹ̀ sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí èbúté Fondamente Nove, ẹ wọ ọkọ̀ ìjọba tó ní nọ́ńbà 12. Òun náà ló ń dúró ní Murano, òun náà ló ń lọ Burano. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni Murano, Burano á tó ìṣẹ́jú ogójì ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ Torcello, ọkọ̀ 9 ló ń gbé èèyàn láti Burano sọdá, kò pẹ́ rárá.

Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn ti ìṣẹ́jú 75, €9.50 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ti odidi wákàtí 24 jẹ́ €25. Ẹ ra ti €25. Kí ẹ sì máa fi tíkẹ́ẹ̀tì náà kan ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀, torí àwọn ayẹ̀wéwò wọn kò mọ àlejò, owó ìtanràn ni wọ́n máa kọ fún yín.

BàbáTáyé

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Pẹ́kámù, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lẹ lọ. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí o. Láàárín ọ̀sán, ìlà tó máa ń tò ní Burano láti padà sí Venice gùn, kò sí àga, kò sí ibòji. Mo mú àwọn àna mi lọ lọ́nà amọ̀nà, wọ́n jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnì kankan kò tì wọ́n, amọ̀nà yẹn sì mọ ilé ìyàgbẹ́ tó wà nítòsí ní erékùṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti mú àgbà rìnrìn àjò rí mọ iye tí ìyẹn tó.

ÌyáÌbejì_Padova

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Agbègbè yìí ni mò ń gbé, gbogbo àlejò tó bá dé sílé wa ló ń fẹ́ lọ sí erékùṣù, èmi ni wọ́n sì sọ di amọ̀nà ọ̀fẹ́. BàbáTáyé kò purọ́, Pẹ́kámù náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí ètò olówó yẹn ṣe máa ń lọ, kí ỌmọBalógun lè mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Murano ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ilé ìléru kan ni wọ́n á kó yín wọ̀ tààrà. Ọmọ iṣẹ́ á ti ọ̀pá irin bọ inú iná, á wé gíláàsì mọ́ ẹnu rẹ̀. Yóò jáde pupa rẹ́súrẹ́sú, á máa fà bí oyin, kò sì gbọdọ̀ dẹ́kun yíyí ọ̀pá náà, torí bí ó bá dúró pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀ ni gíláàsì náà ń bọ̀. Ọ̀gá á mú ẹ̀mú. Á fà á gùn, ọrùn dé. Á fún un pọ̀ lókè, etí dé. Á fa ẹsẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á yọ ìrù, ẹ ó sì rí ẹṣin tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì dúró. Kí ẹ tó rí fóònù yín mú jáde nínú báàgì, ó ti parí. Nígbà mìíràn ó máa ń fi bébà kan ẹ̀yìn ẹṣin náà, bébà á sì gbiná, kí ẹ lè mọ̀ pé iná ṣì wà nínú rẹ̀ bó tilẹ̀ ti dáwọ́ pípọ́n dúró. Gbogbo yín á pàtẹ́wọ́.

Nígbà náà ni wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn kejì. Ilé ìtajà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òǹtajà ibẹ̀ gbọ́ èdè gbogbo ayé, wọ́n á sì ní nítorí tiyín, àwọn á gé iye náà sí ìdajì. Ẹni tó bá ti ná ọjà rí ní Balógun kò ní jẹ́ kí ìyẹn rú òun lójú. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú yín ra nǹkan, àmọ́ àkókò tí ẹ ń lò níbẹ̀, inú àkókò tí ẹ sanwó fún ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ìgbà tí ẹ bá dé Burano, èyí tí Màmá tìtorí rẹ̀ wá, ó lè má ju ìṣẹ́jú ogójì sí wákàtí kan lọ tí amọ̀nà á fún yín. Léèsì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú ogójì wò.

Ó tún kù. Bí ẹnikẹ́ni ní hòtẹ́ẹ̀lì bá sọ pé ọkọ̀ ọ̀fẹ́ wà tó ń lọ Murano, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ̀. Ilé ìtajà kan ló ń san owó ọkọ̀ yẹn, ẹni tó pè yín á sì gba kọmíṣàn lórí ohun tí ẹ bá rà.

Jẹ́jẹ́_layé

Ẹ gbà mí o. Ẹ máa kọjá Ìsẹ̀yìn tí wọ́n ń hun aṣọ òfì, ẹ máa kọjá Abẹ́òkúta tí wọ́n ń pa àdìrẹ, ẹ máa gba físà, ẹ máa wọ bàlúù, kí ẹ lè lọ wo òyìnbó tó ń fẹ́ gíláàsì. Ẹ̀yin ará ilé, owó ti pọ̀ lọ́wọ́ yín.

Sín_Ìlẹ̀kẹ̀

Jẹ́jẹ́, sinmi, ìwọ ti dé Ìsẹ̀yìn rí?

ÌyáÌbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ń ṣe ní Òṣogbo, bí a ṣe ń sín ti ìdí la ń ṣe ti ọrùn àti ti adé. Àwọn àgbà tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní ìlẹ̀kẹ̀ kan tí inú rẹ̀ dà bí ìràwọ̀: búlúù, funfun, pupa, ó wà ní ìpele ìpele. Wọ́n ní ìlú òyìnbó ló ti wá láyé ọjọ́un. Ṣé Murano yìí náà ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Sín_Ìlẹ̀kẹ̀, bó bá rí bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní rosetta nìyẹn. Murano ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ìparí ọ̀rúndún 15, wọ́n sì sábà máa ń dárúkọ obìnrin kan, Maria Barovier, pé òun ló dá a. Ọmọ Angelo Barovier ni, bàbá tí ìtàn sọ pé ó rí ọ̀nà láti ṣe gíláàsì tó mọ́ gaara tí kò ní àwọ̀ rárá. Wọ́n á da gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi lé ara wọn, á fa gbogbo rẹ̀ gùn di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, á gé e wẹ́wẹ́, á wá lọ orí rẹ̀ méjèèjì títí ìràwọ̀ inú á fi yọjú. Ìlẹ̀kẹ̀ Venice kún inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Wọ́n fi ra wúrà, wọ́n fi ra eyín erin, wọ́n sì fi ra èèyàn. Amọ̀nà kì í sábà dé ibi tó kẹ́yìn yẹn nínú àlàyé wọn.

Ẹ̀yin tó ń ṣe adé náà mọ̀ pé láti ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń bo adé, Yúróòpù ni wọ́n ti ń kó o wá, láti Venice àti láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Czech lónìí. Ní Venice fúnra rẹ̀, obìnrin ló ń sín in. Impiraresse ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n á jókòó síta níwájú ilé, àwo onígi tí ìlẹ̀kẹ̀ kún á wà lórí itan, wọ́n á mú ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ gígùn lọ́wọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á sì máa fi gbogbo rẹ̀ wọ́ inú ìlẹ̀kẹ̀ náà kọjá lẹ́ẹ̀kan. Owó wọn kéré jọjọ. Ní 2020, UNESCO fi iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ti Ítálì àti Faransé sínú àkójọ àjogúnbá wọn.

Jẹ́jẹ́_layé

Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Òyìnbó ló kọ́ wa ní ìlẹ̀kẹ̀, a tún wá ń sanwó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ní Igbó Olókun, nílé Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Abidemi Babatunde Babalola ṣáájú wọn wa ilẹ̀ ní 2011 àti 2012, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n rí lé ní 12,000. Wọ́n rí ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, wọ́n rí àjákù iṣẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé èròjà gíláàsì náà kò bá ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti yọ́ ọ. Láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15 ni iṣẹ́ náà. Ní Venice, 1291 ni ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo ìléru gíláàsì kúrò láàárín ìlú lọ sí Murano. Ìwọ náà ka ọdún wọn.

Sín_Ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ yìí, mo máa tẹ̀ ẹ́ jáde, máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Pẹ́kámù_ni_mo_wà

Kí ló dé tí wọ́n kó ìléru lọ Murano? Amọ̀nà wa ní wọ́n ń bẹ̀rù kí àwọn ará ìlú mìíràn má jí ọgbọ́n wọn ni.

(Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti tẹ̀lé amọ̀nà rí. Ọ̀rẹ́ mi ló sanwó. Ẹ má rẹ́rìn-ín.)

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Iná ni ìdí tí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Igi ni wọ́n fi kọ́ èyí tó pọ̀ nínú ilé Venice nígbà yẹn, ìléru kan lè jó àdúgbò run. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn ti wà lójú kan, ó rọrùn láti ṣọ́ wọn. Òfin kò jẹ́ kí ọ̀gá iṣẹ́ gíláàsì kó ọgbọ́n rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n fún wọn ní ọlá lọ́wọ́ kan, ọmọbìnrin wọn lè fẹ́ ọmọ ìjòyè láìjẹ́ pé ọmọ tí wọ́n bá bí pàdánù oyè; wọ́n fi ìdè dè wọ́n lọ́wọ́ kejì. Àwọn kan sá lọ ṣá. Nínú àwọn ọdún 1660, Colbert, mínísítà ọba Faransé, rán ènìyàn wá fi owó tan àwọn tó mọ dígí ṣe, wọ́n sì tẹ̀lé wọn lọ sí Paris. Bí dígí ṣe bọ́ lọ́wọ́ Venice nìyẹn.

ỌmọBalógun

Háà, ẹ ti kó mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ amọ̀nà lọ sí Ifẹ̀. Ẹ ṣeun, inú mi dùn sí i.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Ìbéèrè tiwọn ni pé: léèsì Burano yìí, ṣé irú èyí tí àwọn ń tà ni? Àti pé Torcello ńkọ́, ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń fi orúnkún dídùn lọ wò?

ÌyáÌbejì_Padova

Ẹ bá mi kí Màmá. Rárá o, kò jọ ọ́. Léèsì tí wọ́n tà ní Balógun, ti Austria, Lustenau àti àwọn ìlú tó yí i ká ní Vorarlberg ni orírun rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960. Ẹ̀rọ ló ń kọ́ iṣẹ́ ọnà sórí aṣọ. Màmá mọ̀ ọ́n jù mí lọ, wọ́n á rántí ìgbà tí ìjọba ológun fòfin de kíkó o wọlé tí ó di ohun à ń gbé pamọ́.

Ti Burano, kò sí aṣọ nísàlẹ̀ rẹ̀ rárá. Wọ́n á ya àwòrán sórí bébà, wọ́n á fi bébà náà lé aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ ní ìṣẹ́po, wọ́n á fi òwú tẹ̀lé ojú ìlà àwòrán náà yípo. Orí òwú yẹn nìkan ni abẹ́rẹ́ ń dúró lé. Láti ibẹ̀ ni obìnrin náà á ti máa so kókó kan mọ́ òmíràn, títí àlàfo inú àwòrán á fi kún. Punto in aria ni wọ́n ń pè é. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, wọ́n á ki sísọ́ọ̀sì sáàárín ìṣẹ́po aṣọ méjèèjì, wọ́n á gé àwọn òwú tó di léèsì náà mú, a sì ṣí kúrò lórí bébà. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Bí ẹ bá rí obìnrin tó ń ṣe é lọ́wọ́, ẹ dúró, ẹ má bá a sọ̀rọ̀.

Ìpele méje ni iṣẹ́ náà, obìnrin kọ̀ọ̀kan ló sì mọ ìpele tirẹ̀. Nítorí náà ẹyọ léèsì kan lè gba ọwọ́ ènìyàn méje kọjá.

Iṣẹ́ náà fẹ́ kú tán kí ó tó jí. Nígbà òtútù ọdún 1872, ọ̀sà dì gbagidi, àwọn apẹja Burano kò rí ibi ju àwọ̀n sí, ebi wọlé. Wọ́n wá ìyá arúgbó kan rí tó ṣì mọ iṣẹ́ náà, Cencia Scarpariola ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní kó kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ilé-ẹ̀kọ́ léèsì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún náà wà títí di 1970. Ilé yẹn ló di Museo del Merletto, ìyẹn músíọ̀mù léèsì, ní 1981, ní Piazza Galuppi. Ibẹ̀ ni kí ẹ mú Màmá lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn obìnrin àgbà máa ń jókòó síbẹ̀ ṣiṣẹ́.

Fún ti inú ìgboro: èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Burano, ẹ̀rọ ló ṣe é, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti kó o wá. Agboòrùn, ẹ̀wù ọmọdé, abẹ̀bẹ̀. Ojúlówó kì í sí níta. Èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lè ju €100 lọ dáadáa.

BàbáTáyé

Torcello, ẹ fi sílẹ̀. Láti èbúté dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rìn létí odò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó tún rin ìyẹn padà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Ó dùn mí láti gbà pẹ̀lú BàbáTáyé, torí Torcello ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún 639 ni wọ́n dá ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Assunta sílẹ̀, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ àwòrán Ọjọ́ Ìdájọ́ tí wọ́n fi òkúta àti gíláàsì wẹ́wẹ́ tò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló gbé erékùṣù yẹn rí, ó ṣáájú Venice di ìlú. Ẹrẹ̀ kún ọ̀sà rẹ̀, ibà dé, wọ́n ṣí kúrò, wọ́n tilẹ̀ tú òkúta ilé wọn lọ kọ́lé sí Venice. Àwọn tó kù níbẹ̀ lónìí, ẹ lè kà wọ́n tán lọ́wọ́ àárọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, kó lọ. Fún Màmá, ẹ lo àkókò yẹn ní Burano.

Pẹ́kámù_ni_mo_wà

Ẹ tún fi sọ́kàn: láti 2024, Venice ti ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn tó wá fún ọjọ́ kan ṣoṣo ní àwọn ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀, €5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò kan Murano, Burano àti Torcello, kò sì kan ẹni tó bá sun hòtẹ́ẹ̀lì nínú ìlú, ṣùgbọ́n ẹni tó sun hòtẹ́ẹ̀lì ṣì ní láti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lọ.

ỌmọBalógun

A ti lọ, a ti dé! Ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

A kò gba amọ̀nà. Àárọ̀ kùtù la dé Fondamente Nove, BàbáTáyé, ìmọ̀ràn yín nípa ìlà ló jẹ́ ká tètè jáde, Màmá sì rí àga jókòó. Ọkọ̀ náà bá èbúté dọ́gba, wọn kò gun àtẹ̀gùn kankan. Burano la kọ́kọ́ lọ tààrà, kí àwọn elérò ńlá tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àwọ̀ ilé wọn dára, ẹ kò sọ tó. Pupa, òféfèé, àwọ̀ ewé, kò sí méjì tó jọra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n ní èèyàn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó kun ilé rẹ̀. Màmá ní ìjọba tó ní àkókò irú ìyẹn, iná mànàmáná wọn kì í lọ nìyẹn.

Obìnrin méjì ló wà nínú músíọ̀mù tó ń ṣiṣẹ́. Màmá dúró lẹ́yìn ọ̀kan fún ìgbà pípẹ́. Màmá kò gbọ́ Ítálì, ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, Màmá na ọwọ́, wọ́n fi ojú bi í bóyá àwọn lè fọwọ́ kàn án. Ìyá náà gbé èyí tó ti parí fún wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá ṣe ni pé wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n wo ẹ̀yìn. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín! Ó dà bíi pé kò tíì rí àlejò tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó ti ta léèsì mọ̀ pé ẹ̀yìn ni òwú ń lé, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń mọ ayédèrú. Màmá ní, "Ojú àti ẹ̀yìn, bákan náà." Wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, ìyá náà sì mi orí.

Lẹ́yìn náà a wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Òǹtajà ní ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Màmá fi ìka kan òdòdó kan, wọ́n fi kan ìkejì, wọ́n ní kí n sọ fún un pé, "Òdòdó yìí àti òdòdó yẹn, ẹ̀rọ kan náà ló bí wọn." Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Òǹtajà náà wò wọ́n, ó dákẹ́, ó wá lọ ṣí dúrọ́ọ̀ kan lẹ́yìn káńtà. Èyí tó kó jáde, ẹ̀yin èèyàn, iṣẹ́ ni. Màmá ná an, ná an, kò dín kọ́bọ̀. A ra ewé kékeré kan tó lè wọ inú férémù.

Nígbà tí a jáde, mo rò pé wọ́n máa bínú sí iye tí a rà á. Wọ́n ní rárá, owó náà kéré jù fún iṣẹ́ náà, pé àwọn ará ibẹ̀ kò mọ iṣẹ́ wọn tà.

Jẹ́jẹ́_layé

Màmá yìí, ẹ gbé wọn wá sórí ojú-òpó yìí, ẹ fún wọn ní orúkọ tiwọn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi léèsì Burano ṣe aṣọ ẹbí fún ìsìnkú kan, ọdún mélòó ló máa gbà?

ÌyáÌbejì_Padova

Òkú náà á jí kí wọ́n tó parí ẹ̀ 😂

Màmá sọ òtítọ́ o. Ìdí tí àwọn ọmọdébìnrin Burano kò fi kọ́ ọ mọ́ nìyẹn. Aṣọ tábìlì ńlá kan lè gba ọ̀pọ̀ obìnrin ní ọdún púpọ̀, ojú á sì ti kú tán kó tó parí. Kò sí iye tí àlejò máa san tó máa kárí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é báyìí, ìfẹ́ ló mú wọn dúró, owó kọ́.

Murano náà kò rọgbọ. Ìléru kì í kú, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń fi gáàsì dáná sí i. Nígbà tí owó gáàsì fò sókè ní ìparí 2021 wọ 2022, àwọn kan pa ìléru wọn pátápátá. Nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ ra gíláàsì, ẹ ra ojúlówó lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ẹ wá àmì Vetro Artistico Murano, ìjọba Veneto, agbègbè tí Venice wà, ló fi òfin gbé e kalẹ̀ ní 1994. Kì í ṣe gbogbo ìléru ló ń lò ó, ṣùgbọ́n ibi tí àmì náà bá wà, ẹ mọ ibi tí gíláàsì ti wá.

Sín_Ìlẹ̀kẹ̀

ỌmọBalógun, ẹ dúró ní Murano bí? Ìràwọ̀ mi ńkọ́?

ỌmọBalógun

A dúró nígbà tí à ń padà. Músíọ̀mù gíláàsì wọn ní rosetta nínú àpótí, àtijọ́ gan-an, àwọn kan tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo ya fọ́tò, mo máa fi ránṣẹ́ sí yín. Mo ra tuntun kan náà fún àbúrò mi lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń fi iná kékeré yọ́ ọ̀pá gíláàsì lójú wa, ó wé e mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yí i. Iye tó pè é ni mo san.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Torino

Ẹ kú àlàyé o. Oṣù November ni èmi fẹ́ lọ, ìyàwó mi kò lè gba àyè kó tó dìgbà yẹn. Ṣé ohun gbogbo ṣì máa ń ṣí?

ÌyáÌbejì_Padova

Wọ́n ń ṣí, àmọ́ wọ́n ń tètè tì, kí ẹ wo àkókò músíọ̀mù kí ẹ tó kúrò nílé. Kùrukùru máa ń bo ọ̀sà, ọkọ̀ a máa rọra lọ. Omi náà lè kún wọ ìgboro. Láti October 2020 tí wọ́n ti ń gbé MOSE, àwọn ilẹ̀kùn ńlá tó ń dí omi òkun, dìde lẹ́nu òkun, ìyẹn ti dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú bàtà òjò. Ẹ wọ aṣọ tó nípọn, ẹ̀fúùfù ojú ọ̀sà kò mọ Ìjẹ̀bú. Èrò kò ní pọ̀, ìyẹn ló dára níbẹ̀: bí ọ̀gá ìléru bá rí i pé ẹ̀yin méjì péré lẹ wà, ó lè jẹ́ kí ẹ sún mọ́ iná.